Kẹ̀kẹ́, Ewé Tó Ń Wọ́, àti Ọ̀nà Bristol sí Bath

Lálẹ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, Àǹtí fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí WhatsApp. Ó ní, “Ẹ má gbàgbé o, òru òní ni wọ́n máa dá aago padà sẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má lọ dé síbẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, kó wá máa gbọ̀n bí adìyẹ tí òjò pa.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ará Jos ṣe dé síbẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Nígbà tí àwa yòókù fi máa bá a lẹ́yìn Old Market ní Bristol, imú rẹ̀ ti ń ṣomi, ó sì ti pinnu pé ẹ̀bi wa ni.

Àwa mẹ́rin la jọ ń lọ. Nọ́ọ̀sì ni Àǹtí. Ọdún mẹ́ta péré ló fi ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ, àmọ́ ẹni tó ṣáájú ẹni ti ṣáájú ẹni. Kaduna ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló fi ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí lọ́dọ̀ Màmá rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ gbé e wá sí ìlú ọba. Ẹnjiníà ni Ará Jos. Àbúrò, ọmọ Ilọrin, ń kàwé ní yunifásítì, òun la fi ṣe oníkámẹ́rà. Ẹnì kẹrin ni ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tú ọ̀rọ̀ wò lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì le tó ẹnu rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ náà, Àǹtí kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn rárá. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gùn ún káàkiri àdúgbò, òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Màmá ní ọmọbìnrin kì í gun kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé Yorùbá mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn tí àwọn ìyá wa kì í fẹnu sọ tán: wọ́n ní kẹ̀kẹ́ lè ba ọmọbìnrin jẹ́ kó tó dé ilé ọkọ. Nọ́ọ̀sì ni Àǹtí báyìí, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ kò tíì gbọ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ọmọ rẹ̀ tọrọ kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ ìbí. Màmá fún un ní èsì kan náà tí wọ́n fún ìyá rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ọmọ náà wá bi ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé, “Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n gùn ni?”

Ìbéèrè yẹn ló gbé gbogbo wa dìde. Àǹtí ṣèlérí fún ọmọ rẹ̀ pé kí ewé tó wọ́ tán lórí igi, òun máa gun kẹ̀kẹ́ láti Bristol dé Bath, lọ àti bọ̀, òun á sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ kí Màmá lè fi ojú ara wọn rí i.

Bí ó ṣe kọ́ ọ, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa, torí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin tó ń kà á. Ará Jos fẹ́ kọ́ ọ ní ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ fi kọ́ òun: ẹnì kan á di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn, á máa sáré tẹ̀ lé e, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbìyànjú Raleigh bàbá rẹ̀ kó tó ga tó ìjókòó. Ó máa ń ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ páìpù, á máa wà á ní ìdajì ara, àpá rẹ̀ sì wà ní ojúgun rẹ̀ dòní. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dì Àǹtí mú báyìí, ṣe ló ń pariwo, kò kọ́ nǹkan kan. Nígbà náà la rí bí àwọn ọmọdé ìlú yìí ṣe ń ṣe é. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kò ní ibi ìtẹsẹ̀. Ọmọ á jókòó, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀, á máa yọ̀ lọ, títí tí ara rẹ̀ á fi mọ bí a ṣe ń dúró lórí táyà méjì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìtẹsẹ̀ á wá dé. Ohun tó ṣòro nínú kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ yíyí, ìdúró ni. A tú ìtẹsẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́ tí Àǹtí rà ní àlòkù, a rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lè kanlẹ̀ dáadáa, a mú un lọ sí pápá tó dagun díẹ̀. Sátidé mẹ́ta ló fi yọ̀ kiri níbẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní Sátidé kẹrin a dá ìtẹsẹ̀ padà, ó sì gùn ún lọ. Kò sẹ́ni tó di ohunkóhun mú.

Kí la ń pè ní ọ̀nà Bristol sí Bath? Ojú irin ni tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé èrò láàárín ìlú méjèèjì títí di 1966, nígbà tí ìjọba ń ti àwọn ojú irin tí wọ́n ní kò mú owó wọlé pa káàkiri Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n hú irin kúrò, igbó gba ibẹ̀. Ní 1977, àwọn ará Bristol kan kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Cyclebag, wọ́n ní kí a sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Láti 1979 títí dé 1986 ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà sì jẹ́ ti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n gbé ṣọ́bìrì wá fúnra wọn. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni àjọ tí gbogbo ìlú wá mọ̀ sí Sustrans ti jáde. Máìlì 13 ni ọ̀nà náà, nǹkan bíi kìlómítà 21, ó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, ọlọ́dà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ gbà á.

Nígbà tí a sọ ìtàn yìí, Ará Jos dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ojú irin tóóró kan wà nígbà ayé bàbá bàbá òun, tó máa ń ti Zaria gun òkè lọ sí Jos nígbà tí wọ́n ń wa kùsà tin. Wọ́n pa á tì ní 1957. “Ibẹ̀ ò ní le fún ọmọdé láti gùn,” ló wí, “torí ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun òkè tó dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá la ojú irin ti bá ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ dín òkè kù.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Láti Old Market, ọ̀nà náà ń gòkè ní díẹ̀díẹ̀ dé Staple Hill, àmọ́ ó rọra tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á kàn rò pé ó rẹ òun díẹ̀ ni.

A gbéra ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Kùrukùru ṣì wà lórí àwọn ilé ní Easton. Àǹtí wọ aṣọ mẹ́ta lé ara wọn, ó dé akoto lórí gèlè kékeré, ojú rẹ̀ kò kúrò níwájú. A fi sáàárín: Àbúrò ṣáájú, Ará Jos wà lẹ́yìn, ẹni tó ń kọ̀wé yìí wà níbi tí èémí rẹ̀ bá gbé e dé. Àwọn tó ń sáré ń bọ̀ níwájú, àwọn tó ń fa ajá ń kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kánjú ń lu agogo lẹ́yìn wa, a ó sì yà sọ́wọ́ òsì fún wọn. Lẹ́bàá Fishponds, ẹja ńlá kan tí wọ́n fi bíríkì mọ fi imú kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àǹtí bú sẹ́rìn-ín nígbà tó rí i, ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn tó wo nǹkan tí kì í ṣe ojú ọ̀nà.

Ihò abẹ́ òkè tó wà ní Staple Hill ló tẹ̀ lé e. Ó gùn ju mítà 400 lọ, iná wà nínú rẹ̀, omi sì ń kán láti òkè. Bí a ṣe wọlé, Ará Jos ké “Ẹ kú ilé o!” ohùn rẹ̀ sì lọ, ó bọ̀. Ọmọ òyìnbó kékeré kan tó ń bọ̀ níwájú pẹ̀lú bàbá rẹ̀ dáhùn pẹ̀lú igbe tirẹ̀.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí dagun lọ. Ẹ̀yìn Mangotsfield, níbi tí ògiri ibùdókọ̀ àtijọ́ ṣì dúró láìní òrùlé, ni ìgbà ìwọ́wé ti pàdé wa gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé atúmọ̀ èdè wa ń pè é, ó sì bá a mu ju “autumn” lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní “fall”, ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń lò láyé àtijọ́ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún wọn. Igi tó wà lọ́tùn-ún àti lósì ti fi ẹ̀ka kan ara wọn lókè. Ewé wọn ti di àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ obì, àwọ̀ epo pupa, ilẹ̀ sì ti bò mọ́lẹ̀ fún wọn. Bí táyà bá gba orí wọn, wọ́n á máa dún bí ìgbà tí a ń tú àpò ẹ̀pà.

Àbúrò bèèrè ohun tó ń sọ ewé di aláràbarà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ewé fi ń se oúnjẹ láti inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló máa ń jẹ́ kó tutù yọ̀yọ̀. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú, igi á fa ohun tó wúlò padà sínú ara rẹ̀ kí òtútù tó dé, àwọ̀ tútù á ṣá, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ látìgbà yìí á wá hàn síta. Lẹ́yìn náà igi á dí ojú ibi tí ewé ti so mọ́ ọn, ewé á sì já. Igi tíìkì ilé wa náà ń wọ́wé, àmọ́ omi ló ń wọ́n tiwọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀.

Ewé yìí kan náà ló mú Ará Jos. Ó ti ń fọ́nnu láti Warmley pé ẹni tó gun Raleigh lórí àpáta Jos kò lè bẹ̀rù ewé. Ní ìsàlẹ̀ kan lẹ́bàá Oldland Common, níbi tí oòrùn kì í dé, ewé ti rà, ó ti di ẹrẹ̀ yọ̀bọ̀tọ̀. Ajá kan já wọ ọ̀nà. Ará Jos fa bíréèkì iwájú lójijì. Táyà iwájú kò dúró, ṣe ló yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun náà sì tẹ̀ lé e. Ó bọ́ sínú ẹ̀gún blackberry. Ìtìjú ló pọ̀ ju ọgbẹ́ lọ. Àǹtí, tó ti bọ́ sílẹ̀ kúrò lórí tirẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù kó tó débẹ̀, fọ eékún rẹ̀ fún un pẹ̀lú omi ìgò, ó sì sọ fún un pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Sátidé mẹ́ta péré la máa fi tú ìtẹsẹ̀ tiyín náà.” Láti ìgbà yẹn, gbogbo wa ló ń dín eré kù ṣáájú ewé tútù, a ń fa bíréèkì ẹ̀yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a kì í yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lójijì lórí rẹ̀.

A mu tíì ní Bitton. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin eléèéfín ṣì ń fi owó àti òógùn ara wọn tọ́jú ìwọ̀nba irin kan níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní Avon Valley Railway, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì ń bá irin náà rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni afárá wà lórí odò Avon, ó ju ẹyọ kan lọ, omi ń lọ lábẹ́ wa pẹ̀lú ewé lórí rẹ̀. Kí aago méjìlá àbọ̀ tó lù, a ti wọ Bath. Òkúta aláwọ̀ oyin ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ìlú yẹn, àwọn ará Róòmù sì ti wẹ̀ nínú omi gbígbóná rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn. Ẹ lè ka ìyẹn níbòmíràn. Green Park, ibùdókọ̀ tí ojú irin wa máa ń parí sí, ti di ọjà. Abẹ́ òrùlé gíláàsì rẹ̀ ni Àbúrò ti ya fídíò Àǹtí bó ṣe ń tẹ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó sì ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ká ní a yí padà nígbà náà ni, ọ̀rọ̀ kì bá tí pọ̀. Ará Jos ló ní, níwọ̀n ìgbà tí a ti débí, kí a lọ wo ihò Combe Down. Ẹnì kankan nínú wa kò sì sọ pé rárá.

Ojú irin mìíràn ni ìyẹn náà, ọdún 1966 kan náà ni wọ́n pa á, wọ́n sì ṣí i fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní oṣù kẹrin 2013. Ihò méjì ló wà lórí rẹ̀. Èyí tó gùn jù jẹ́ mítà 1,672, ju máìlì kan lọ lábẹ́ òkè. Bí èèyàn bá wọ inú rẹ̀, ooru àti òtútù ìta kò sí mọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dúró bákan náà. Iná kéékèèké wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Tó bá di àárín, orin á máa jáde láti ara ògiri, fayolíìnì tó ń rọra dún nínú òkùnkùn. A ń wà á lọ láìsọ̀rọ̀. Àǹtí ló kọ́kọ́ dá orin tirẹ̀ lé e, orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Kaduna, àwa yòókù gbè é. A lọ dé Midford, a bọ̀, a ya fọ́tò títí.

Nígbà tí a fi jáde sí ojú ọjọ́, ojú ọjọ́ ti ń lọ. A ti gbàgbé ohun tí Àǹtí fi ohùn rán sí wa. Aago tí wọ́n dá padà ti gba wákàtí kan lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Kí aago márùn-ún tó lù, oòrùn ti wọ̀. Òfin ibí ni pé kẹ̀kẹ́ tó bá wà lójú títì lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ gbọ́dọ̀ ní iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn. Mẹ́ta nínú wa tan tiwọn. Iná kẹrin, tó jẹ́ ti ẹni tó ń kọ̀wé yìí, ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì ó sì kú. A kò gbà á sí iná lálẹ́ àná. Kò sí àwáwí kankan.

Bí a ṣe ń kánjú báyìí ni a kọjá àmì tó yẹ kó darí wa sí etí odò, ibi tí kò sí mọ́tò. A bá ara wa lórí Lower Bristol Road.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ojú títì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò nílò àlàyé. Iná mọ́tò ń bọ̀ níwájú ó ń fọ́ wa lójú, òjò wínníwínní ti bẹ̀rẹ̀, ewé tútù wà ní etí títì níbi tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń gbà. Àǹtí kò gun kẹ̀kẹ́ láàárín mọ́tò rí. Ìwé òfin ìrìnnà wọn sọ látọdún 2022 pé kí mọ́tò tó bá fẹ́ kọjá ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ fi àyè mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ ó kéré tán. Bọ́ọ̀sì alájà méjì tó kọjá wa kò ka ìwé yẹn. Ó sún mọ́ Àǹtí débi pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà wà lápá ọ̀tún, ó wà lápá òsì, a sì gbọ́ tó pe Jésù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ṣubú. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ gun orí ibi ẹlẹ́sẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Kò sí ẹni tó dáràá nínú wa. Ará Jos bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ àforíjì, Àbúrò ń wò ó lórí fóònù bí ọkọ̀ ojú irin ṣe wà ní Oldfield Park, ibùdókọ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀, tó lè gbé wa dé Bristol láàárín ìgbà díẹ̀. “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wọkọ̀,” la wí. “Ẹ ti dé Bath. Fídíò ti wà.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Lọ àti bọ̀ ni mo sọ fún ọmọ yẹn.” Ó tún dákẹ́. “Ṣùgbọ́n mi ò ní gun títì yìí mọ́. Ẹ bá mi wò ó.”

Bí a ṣe yanjú rẹ̀ nìyẹn: gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, a ti kẹ̀kẹ́ wa lórí ibi ẹlẹ́sẹ̀ nínú òjò títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà. Ó ju ogún ìṣẹ́jú lọ. A kò pàdé mọ́tò kankan mọ́ láti ibẹ̀ dé Bristol, àmọ́ òkùnkùn wà. Láàárín pápá lẹ́bàá Saltford, a ò rí òpó iná kankan. Ẹni tí iná rẹ̀ kú wà láàárín, bí ẹrú tí wọ́n ń mú lọ síwájú adájọ́. Àbúrò fi tirẹ̀ tànmọ́lẹ̀ níwájú, Ará Jos wà lẹ́yìn pẹ̀lú iná pupa rẹ̀ àti eékún rẹ̀ tó ti wú. Àǹtí ló ń sọ bí a ṣe máa sáré tó. Kò sáré. Òórùn ewé rírà kún inú afẹ́fẹ́, òwìwí kan ń ké lápá odò, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ níwájú sì ń dín ìmọ́lẹ̀ wọn kù fún wa bí wọ́n ṣe ń kọjá. A dé Old Market nígbà tí aago mẹ́jọ ku díẹ̀. Àǹtí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì mọ́ òun. Ó jókòó sórí pèpéle, ó bọ́ bàtà, ó ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a wà níbẹ̀ nígbà tó pe Kaduna. Láti òru Sátidé ni Kaduna ti fi wákàtí kan ṣáájú wa, ọmọ náà sì ti ṣe tán láti sùn. Ó wo fídíò Green Park lẹ́ẹ̀marùn-ún. Màmá gba fóònù. A rò pé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ni wọ́n máa sọ, Àǹtí pàápàá ti to èsì rẹ̀ sílẹ̀ bíi ti nọ́ọ̀sì.

Àmọ́ ó kọ́kọ́ sọ òtítọ́. Ó sọ ti bọ́ọ̀sì náà, ó sì sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gbọ̀n. Màmá gbọ́ ọ tán.

“Mo rí ọ,” ni wọ́n wí. “Ó dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n níbo ni tibí yìí máa ti gùn ún? Ṣé lójú títì tó wà níwájú ilé wa yìí, tí kẹ̀kẹ́ Napep àti tírélà ń gbà?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ọ̀rọ̀ obìnrin tí mo ń sọ nígbà yẹn, ohun tí ìyá mi sọ fún mi ni. Ọdún tí o wọ prámárì, mọ́tò kọ lu ọmọ aládùúgbò wa lórí kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin ni. Mi ò rí nǹkan sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, wọn ò ní gbọ́. Ìwọ ni mo rí dá dúró.”

Àǹtí kò mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá ọ̀rọ̀ mìíràn jà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, a sì dìde lọ sí ilé ìdáná kí a má baà máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwa.

Nígbà tí a padà, pápá ilé ìwé prámárì ni wọ́n ti ń jíròrò. Ó ní ọgbà yí ká, mọ́tò kì í wọ ibẹ̀ ní Sátidé. Màmá ní àwọn máa bá mẹ́gàádì sọ̀rọ̀. Àǹtí ní òun máa fi owó kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́, kí wọ́n ra èyí tí kò ga. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó tú ìtẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ló gba àlàyé jù. Màmá bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta ìdí tí èèyàn á fi ra kẹ̀kẹ́ kó sì tún san owó fún ẹni tó máa tú u.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ohùn kan wọlé sórí fóònù Àǹtí nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ariwo àwọn ọmọ pọ̀ níbẹ̀, ẹnì kan ń sọ Hausa. Ọmọ náà ní ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, eruku wà lójú òun, òun ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Màmá Àgbà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń kà á bí ìgbà tí òun bá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Wọ́n ti kà á dé mọ́kànlá. Ó wá ń bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé iye wo ló yẹ kó dé kí wọ́n tó dá ìtẹsẹ̀ òun padà.